Ife Tí Ẹ̀gbọ́n Mi So Òwú Pupa Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù yín, mo fẹ́ to ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sílẹ̀ lónìí bí mo ṣe máa ń to aṣọ sílẹ̀ kí n tó fi àlùmọ́gàjí gé e. N kò ní kánjú. Aṣọ tí a bá fi ìkánjú gé, abẹ́rẹ́ kan kò lè tún un ṣe.

Kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo gbẹ̀san. Ẹ má retí ìtàn ìdáríjì. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ ń wá, ẹ lọ bá àáfà.

Mújìdátù ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí ní Èjìgbò, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Másífà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, nítorí pé n kò ka ìwé mẹ́wàá parí nígbà èwe mi. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé kí ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń wá lórí bẹ́ńṣì ọmọ iléèwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo ti rí ohun ìjà mi.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rísíkátù. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Wọ́n gbé ní Àbíjáǹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wálé wá máa ta aṣọ, èdè Faransé kò sì tíì kúrò lẹ́nu wọn títí di òní. Ẹ ó rí i pé “wọ́n” ni mo ń pè wọ́n. Ìbínú kò ní kí n má mọ ẹni tó jù mí lọ.

Gẹ̀gẹ̀ kò ṣàjèjì nílé wa. Ìyá bàbá wa ní in, èmi àti Àǹtí Rísíkátù náà sì ní in. Tèmi ló kọ́kọ́ tóbi débi pé n kò lè gbé òkèlè mì dáadáa mọ́. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Òṣogbo, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ó yọrí sí rere. Àǹtí Rísíkátù ní òmùgọ̀ ni mí. Wọ́n ní ta ló ń gba ọ̀bẹ láyè ní ọ̀fun ara rẹ̀? Ìborùn ni àwọn fi ń bo tiwọn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, dókítà fún mi ní tábílẹ́ẹ̀tì funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, irú èyí tó máa ń hó ṣàà bí a bá jù ú sínú omi. Ó ní kí n máa lò ó lójoojúmọ́, kí n má ṣe dá a dúró àfi bí àwọn bá ní kí n dá a dúró, kí n sì padà wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó ní bí ètè mi bá ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, kí n tètè máa bọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwé lè ṣe fún ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ilé bàbá wa ni mo wà kí ọgbẹ́ mi tó jinná, Àǹtí Rísíkátù ló sì ń tọ́jú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n mú tábílẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n ní ẹfun lásán ni. Wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ti lọ, kí ni mo tún ń lo oògùn sí? Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ mọ̀ ọ́n, bí àìsàn bá ti lọ, oògùn ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n kó gbogbo èyí tó kù, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì dà á sínú oúnjẹ adìyẹ wọn.

N kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Àwọn adìyẹ náà gbádùn o! Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èèpo ẹyin wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń yangàn fún aládùúgbò pé kò sí ẹni tó mọ adìyẹ sìn tó àwọn.

Èèrà dé. Ètè mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí orí ìka mi. Mo rò pé àárẹ̀ ni, nítorí pé fírídọ́ọ̀mù ọmọ iṣẹ́ mi, Bàsírátù, ti súnmọ́lé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọmọ iṣẹ́ bá pé ọdún rẹ̀, yóò kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn télọ̀. Ọ̀gá yóò ṣàdúrà fún un, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Bí àlùmọ́gàjí kò bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò tíì gba òmìnira, bó ti wù kó mọ aṣọ rán tó.

Bàsírátù kúnlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló ti lò lọ́dọ̀ mi. Mo gbé àlùmọ́gàjí sókè, mo ń ṣàdúrà lọ, ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Àtàǹpàkò mi wọ inú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka yòókù le gbọnrangandan, wọ́n sì fún pọ̀ bí àgógó ẹyẹ. Àlùmọ́gàjí há sáàárín wọn. Bàsírátù na ọwọ́ méjèèjì, ó ń retí. Mo fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ọwọ́ kò gbọ́ tèmi. Ọwọ́ kejì náà ká. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ ohun kankan mọ́.

Bàsírátù ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní mo ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, obìnrin méjì sì ti ń bọ̀ wá gbé mi, ni Àǹtí Rísíkátù bá dìde lórí àga wọn, wọ́n sì na ọwọ́ dí àwọn obìnrin náà lọ́nà.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án! Wárápá ni. Ó ti ń ṣe é láti kékeré. Ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá kàn, ó ti kó o nìyẹn. Voilà, mo ti wí tèmi.”

Láti kékeré kẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò gbọ̀n rí láyé mi àfi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èèyàn sá sẹ́yìn. Bàsírátù nìkan ló gbé orí mi lé itan rẹ̀, tó sì rọra yọ àlùmọ́gàjí kúrò lọ́wọ́ mi kó má baà gún mi. (Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ní ìyẹn kò kà. Wọ́n ní ó yọ ọ́ ni, n kò fà á lé e lọ́wọ́.) Òun àti ọlọ́kọ̀ kan ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kálísíọ́mù inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n rọra fa oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ mi, ọwọ́ mi sì là bí ẹni pé wọ́n tú okùn lára rẹ̀. Dókítà bi mí níbo ni tábílẹ́ẹ̀tì wà. Báwo ni n ó ṣe sọ pé adìyẹ ló jẹ ẹ́? Mo ní ó ti tán, wọ́n sì fún mi ní òmíràn.

Mo mú ìwé àyẹ̀wò bọ̀ wálé, mo sì ṣàlàyé ohun tí dókítà wí. Ta ló kà á? Ife tánganran funfun kan ni mo bá lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi ti so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó mẹ́ta. Wọ́n ní tèmi nìyẹn, kí ẹlòmíràn má baà ṣèèṣì fi mu omi. Inú àpótí ìránṣọ mi ni wọ́n ti mú òwú náà!

Wọ́n tún pe ọkọ mi, tó wà ní Àbíjáǹ, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wárápá náà fún un. Ọkọ mi, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi mí lórí fóònù bóyá mo fi nǹkan kan pamọ́ fún òun kí òun tó fẹ́ mi. Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́kàn mi di òní.

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wa, wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní ọkàn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò balẹ̀ láti jókòó tì mí. Ìyá Bàsírátù tẹ̀lé wọn. Obìnrin náà kò ṣàfojúdi. Ó kàn ní bí ọdún Iléyá bá dé tí n kò tíì dúró níwájú ẹgbẹ́ parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan ní ìlú Ọlá ni yóò fa àlùmọ́gàjí lé ọmọ òun lọ́wọ́.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí mo kọ́ fún ọdún mẹ́rin, ẹlòmíràn ni yóò máa pè ní ọ̀gá títí ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò tún mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi? Nítorí adìyẹ!

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sunkún. Mo gbé ife náà, mo lọ sí ilé mi. Kíláàsì nìkan ni n kò pa jẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tísà Wálé, tó ń kọ́ wa nípa ohun ẹlẹ́mìí, dé orí ẹ̀kọ́ iṣan. Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì iṣan kọ̀ọ̀kan ni àpò kan wà tí kálísíọ́mù ń gbé. Bí ọpọlọ bá pàṣẹ, nááfù, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ náà, yóò fi jẹ́ fún iṣan. Ilẹ̀kùn àpò yóò ṣí, kálísíọ́mù yóò tú jáde, àwọn fọ́nrán inú iṣan yóò sì fa ara wọn bí ìgbà tí a bá fa okùn ṣòkòtò. Bí iṣẹ́ bá parí, sẹ́ẹ̀lì yóò kó kálísíọ́mù padà sínú àpò, iṣan yóò sì dẹ̀. Ó ní nínú ọpọlọ pàápàá, kálísíọ́mù ló ń wọlé sí etí sẹ́ẹ̀lì kan kí ọ̀rọ̀ tó lè fò dé ara èkejì.

Kálísíọ́mù! Orúkọ tó wà lára páálí tábílẹ́ẹ̀tì mi. Mo nawọ́.

Mo ní, “Tísà, ẹ dákun. Bó bá jẹ́ kálísíọ́mù ló ń mú kí iṣan fà, tí tèmi sì dínkù, ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kí ọwọ́ mi dẹ̀ ni? Kí ló dé tó fi ká?”

Mẹ́káníìkì kan tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní télọ̀ ti gé Tísà kúrú. Tísà kò bínú. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí. “Ìyá Sófíà,” ó ní, “n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ọkùnrin tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àádọ́ta ojú, ẹ̀yin náà ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ó dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìdáhùn. Ó ní iṣẹ́ méjì ni kálísíọ́mù ń ṣe, ibi méjì ló sì ti ń ṣe é. Èyí tó wà nínú àpò iṣan ló ń fà á. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nááfù bí ẹ̀ṣọ́, kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún ohun tí kò tó nǹkan. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dínkù, nááfù yóò máa dá àṣẹ rán fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣan kò mọ̀ pé àṣẹ irọ́ ni. Ó gbọ́, ó sì fà. Bó bá le jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ náà yóò máa pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èèyàn yóò sì ṣubú.

Ó yé mi kíá, nítorí pé mo ní máṣíìnì oníná. Sípíríìǹgì kan wà lábẹ́ pẹ́dà rẹ̀. Bí sípíríìǹgì bá le, àfi kí o tẹ pẹ́dà kí abẹ́rẹ́ tó sáré. Bó bá rọ̀, eku kọjá lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ á sáré! Kò sí ohun tó ṣe abẹ́rẹ́, kò sí ohun tó ṣe máṣíìnì. Sípíríìǹgì ni. Tísà ní hóró mẹ́rin kan, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ló wà lẹ́yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, tí wọ́n ń ṣọ́ kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ abẹ máa ń kó àárẹ̀ bá wọn nígbà mìíràn, kódà bí dókítà kò bá ṣe àṣìṣe kankan. Ìdí tí wọ́n fi fún mi ní tábílẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Mo jókòó, mo ń ronú nípa iṣan tó gba àṣẹ irọ́ gbọ́. Ó jọ àwọn èèyàn tó wà níbi fírídọ́ọ̀mù. Ẹnì kan rán àṣẹ, gbogbo wọn sá.

Mo ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé mi, mo kọ orúkọ Àǹtí Rísíkátù síbẹ̀, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pète.

Tísà ti sọ fún wa pé bí a bá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún apá ẹni tí kálísíọ́mù rẹ̀ lọ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ yóò ká. Mo ní kí n dá oògùn mi dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kí n pe ẹgbẹ́ jọ, kí n ká ọwọ́ mi lójú wọn, kí n sì tún là á lójú wọn. Mo sọ fún Tísà pé kó wá bá mi fi ẹ̀rọ náà fún apá mi.

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ọ̀fun yín náà, iṣan ló wà níbẹ̀. Bó bá ká ńkọ́?”

Mo jáwọ́. Ẹ̀san tó lè pa mí kì í ṣe ẹ̀san, ẹ̀bùn ni fún ọ̀tá. Láràárọ̀ ni mo ń ju tábílẹ́ẹ̀tì sínú ife olówùú pupa yẹn, tí mo ń wò ó bó ṣe ń hó, tí mo sì ń mu ún. Mo dúró.

N kò dúró pẹ́. Gẹ̀gẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tóbi débi pé wọn kò lè mí dáadáa bí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Àwọn tó pè mí ní òmùgọ̀ lọ gba ọ̀bẹ láyè ní ọ̀fun tiwọn, ní ilé ìwòsàn kan náà! Wọ́n bọ̀ pẹ̀lú tábílẹ́ẹ̀tì kan náà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má dá a dúró. Wọ́n ní kí n fi àwọn àti ẹfun sílẹ̀. Ẹ jẹ́rìí mi pé mo sọ ọ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ṣe sàárà ìdúpẹ́ ní ilé bàbá wa. Àwọn télọ̀ tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn wá, Ìyá Ẹgbẹ́ wá, ìyá Bàsírátù náà wá. Àáfà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo wa la àtẹ́lẹwọ́ wa sókè.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wò. Láti ọjọ́ díẹ̀ ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń họ ètè wọn. Bí àáfà ṣe ń ṣàdúrà, bí a ṣe ń ṣe Àmín, àtàǹpàkò wọn wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi ìborùn bò ó. Ìkejì náà ká. Ìborùn já bọ́, ọwọ́ méjèèjì sì wà níta gbangba bí àgógó ẹyẹ.

Obìnrin tó jókòó tì wọ́n fa ẹní rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lábẹ́lẹ̀ pé Mújì ti kó o ràn wọ́n.

Mo jókòó. N kò ní purọ́ fún yín: mo jókòó níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka Fátíhà méjì. Mo ń wo bí àwọn obìnrin ṣe ń kó etí ìró wọn jọ kó má baà kan ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ rí i, mo sì rí i.

Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo fi apá gbá wọn mú. Wọ́n rọra bi mí pé, “Mújì, ṣé wárápá ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ dá a mọ̀ nígbà tèmi.”

Mo sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá.

Nínú ọkọ̀, mo béèrè tábílẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n yíjú sí ojú fèrèsé.

“Adìyẹ,” wọ́n ní.

Mo ní àwọn adìyẹ yẹn yóò ti lágbára ju gbogbo ìdílé wa lọ. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ohun tí n kò béèrè. “Adìyẹ yẹn náà ni mo rántí nígbà tó o ṣubú lọ́jọ́sí. Mo ní kí n tètè wí nǹkan míì kí wọ́n tó bi mí léèrè oògùn ẹ.”

Ṣé ẹ gbọ́? Wọn kò tilẹ̀ kórìíra mi. Ẹ̀rù ìbéèrè kan ló bà wọ́n, wọ́n sì fi orúkọ mi bo ara wọn bí ìborùn. Ìyẹn tilẹ̀ dùn mí ju ìkórìíra lọ.

Ilé ìwòsàn fa oògùn sí wọn lára, ọwọ́ wọn là. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àáfà padà wá parí àdúrà tó já lẹ́nu. Àwọn èrò pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ kúkú mọ èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí ẹní kan náà. Nígbà tí wọ́n ń bu omi fún àwọn àlejò, abọ́ kan lọ́tọ̀ ni wọ́n fi bu tiwọn. Mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n rí abọ́ náà.

“Mújì,” wọ́n ní, “ìwọ lo kàwé. Ṣàlàyé fún wọn.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ṣí báàgì mi, mo mú ife tánganran mi jáde, mo bu omi sí i, mo sì ju tábílẹ́ẹ̀tì kan sí i. Ìfófòó ru sókè. Àwọn tó wà nítòsí tún sún sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

“Oògùn yín nìyí, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n rí òwú pupa náà. “Ṣé kò sí ife mìíràn nílé yìí ni?”

“Ó wà. Èyí lẹ yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ká.”

Ìyá Ẹgbẹ́ wúkọ́. Ẹ̀rín ni, mo mọ̀ ọ́n. Àǹtí Rísíkátù wo ojú mi, wọ́n wo ife, wọ́n sì mu ún tán. Ìfófòó lẹ̀ mọ́ ètè wọn lójú gbogbo ayé.

Mo ní, “Mo ṣàlàyé tèmi nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣàlàyé báyìí. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbà gbọ́.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe wárápá, pé kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ ló dínkù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pé kì í ràn. Wọ́n dúró síbẹ̀. Èmi náà dúró. Wọ́n wá fi ohùn kékeré sọ pé tèmi náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní àwọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kò gbọ́.

“Ti Mújì náà kì í ṣe wárápá!” wọ́n ní. “Kò ṣe é rí láti kékeré. Mo purọ́ mọ́ ọn ni. Oògùn rẹ̀ ni mo fún adìyẹ jẹ.”

Ìyá Bàsírátù ló kọ́kọ́ dìde, ó fa ẹní rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì jókòó. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ó tó bẹ́ẹ̀, kí n tú òwú yẹn kúrò lára ife.

Mo ní, “Èmi kọ́ ni mo so ó, mà.”

Àǹtí Rísíkátù gbé ife náà lé itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìka wọn kò tíì rọ̀ tán. Kókó mẹ́ta, òwú tó sì ti ń wọ omi tó ń gbẹ láti oṣù mélòó kan! Wọ́n fi èékánná, wọ́n fi eyín. Ó pẹ́. Mo ti mú àlùmọ́gàjí mi jáde nínú báàgì, ó wà lórí itan mi, gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́fà, Bàsírátù tún kúnlẹ̀. Mo ṣàdúrà, mo fa àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ìka mi sì jọ̀wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìlà iwájú. Wọ́n ṣe Àmín sókè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkọ mi pè láti Àbíjáǹ, ó ní kí n má bínú. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Bí dókítà bá ní kí ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara yín ti yá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ahọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Bí èèrà bá ń rìn létè yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Bí èèyàn bá ṣubú lójú yín, ẹ dì í mú kó má fara pa. Bó tilẹ̀ jẹ́ wárápá gan-an, itọ́ rẹ̀ kò ràn yín. Ẹni tó ní in kò sì yẹ lẹ́ni tí a ń so òwú mọ́ ife rẹ̀.

Ta ni wọ́n ti sọ lórúkọ àìsàn tí kò ṣe é rí? Báwo lẹ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, n ó ka gbogbo rẹ̀.

Kìkì pé kí ẹ má bi mí léèrè ìdí tí n kò fi yá ẹ̀gbọ́n mi ní àlùmọ́gàjí lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ mi yá gágá. N kò kàn fẹ́.